Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Sunkún Àbúrò Wọn

Ìyá Nọ́ọ̀sì ń dá àwọn òǹkàwé lóhùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta péré ni mo mú, torí pé ti àkọ́kọ́ kò ṣeé dá lóhùn ní gbólóhùn méjì. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra ni gbogbo wọn, àti ọ̀rọ̀ àwa tí a yí wọn ká. Mo ti yọ orúkọ àti ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá wọn mọ̀ kúrò.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni àkọ́bí àwọn òbí mi, Ìkòròdú ni mò ń gbé. Bàbá wa jẹ́ ẹni ọdún 76, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ọ̀yọ́ ni àwọn àti Màámi ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láìsí wàhálà. Lọ́dún tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ kọlu ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ṣe olùkọ́. Láti ìgbà náà ni ọkàn gbogbo wa kò ti balẹ̀ mọ́. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ra ẹ̀rọ BP, èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ránṣẹ́, Màámi sì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí WhatsApp láràárọ̀. Bó bá ti ga, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jẹ́ 168 lórí 94 ní aago mẹ́fà àárọ̀. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, mo ti pè lẹ́ẹ̀mẹta, àbúrò mi tó wà ní Houston sì ti ní kí wọ́n fi hóró oògùn kan kún ti àárọ̀. A ti ní kí wọ́n má lọ sípàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì mọ́, kí wọ́n má sì lọ sóko. Ní báyìí, Bàbá fúnra wọn ń wọn BP tó ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́. Wọn kì í sùn dáadáa, wọ́n ní àyà àwọn ń já.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Àbúrò Bàbá obìnrin, ọmọ ìyá wọn, kú ní Ìlọrin ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. A ò tíì sọ fún wọn. A gba fóònù wọn, a ní ó ń lọ fún àtúnṣe. Ìsìnkú ku ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn àbúrò mi ní bí Bàbá bá gbọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn á ru sókè, ẹni méjì la ó sì sin. Kí ni ká ṣe? – Àkọ́bí, Ìkòròdú

ÈSÌ

Ọmọ mi, ẹ sọ fún Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi náà ti ṣe ohun tí ẹ ń ṣe yìí rí. Ọdún 34 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àbúrò ìyá mi ọkùnrin kú, èmi tí gbogbo ẹbí gbójú lé ni mo pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Màámi gbọ́. Mo ní BP wọn ò gbà á. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Màámi jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, èmi ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá kan tí wọ́n jọ ń tajà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kú àráfẹ́rakù o. Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí." Màámi ò gbójú sókè. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lọ, hóró kan tẹ̀lé èkejì, èèpo ń já bọ́ sórí ìró wọn, títí abọ́ fi kún. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo ní kí n má sunkún àbúrò mi?"

Ẹ̀jẹ̀ wọn ru lọ́jọ́ náà, ó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó tẹ̀lé e ló burú. Láti ọjọ́ yẹn, bí fóònù bá ti dún, wọ́n á ní, "Ta ló kú?" Bí mo bá pẹ́ kí n tó dé láti ibi iṣẹ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọ mi tó wà nílé ìwé ò bá pè lọ́jọ́ Sunday, a ń fi nǹkan pa mọ́ nìyẹn. Bí a bá ti fi ikú kan pa mọ́ fún àgbàlagbà, gbogbo ìdákẹ́jẹ́ á máa jọ ikú lójú rẹ̀. Fún oṣù mélòó kan ni mo fi ń wo nọ́ńbà wọn tó ń gòkè, bẹ́ẹ̀ oògùn kan náà ni wọ́n ń lò, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Àìfọkàntán ló gbé e lọ sókè, èmi ni mo sì gbìn ín sí wọn lọ́kàn.

Mo fẹ́ kí o ronú nípa Bàbá rẹ báyìí. Olùkọ́ ni wọ́n. Ọmọ mélòó ni wọ́n ti rí tó ń parọ́ níwájú wọn? Ẹni tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí àbúrò rẹ̀ tó máa ń pè é ò pè mọ́, mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ. Àyà tó ń já yẹn lè má jẹ́ àìsàn rárá. Ó lè jẹ́ pé ìròyìn náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn, orúkọ ẹni tó kú nìkan ni wọn ò tíì gbọ́.

Mi ò ní tàn ọ́. Ìbànújẹ́ máa ń wúwo lórí ọkàn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí èèyàn bá pàdánù ẹni tó fẹ́ràn, ewu àìsàn ọkàn máa ń pọ̀ sí i, àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára àwọn tó yẹ ká ṣọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ẹ ò lè pa á mọ́ títí ayé. Ẹni tí yóò sọ ọ́ àti ọjọ́ tí yóò sọ ọ́ ló wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ ò bá yan ẹni náà, ẹni tó wá kí ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan á bá yín sọ ọ́.

Àwọn baba wa mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀. Ọmọdé kọ́ ló ń tú u, wọn kì í sì í tú u lórí ìdúró. Ẹ wá ẹnìkan nínú ẹbí tó jẹ́ ẹgbẹ́ Bàbá tàbí tó jù wọ́n lọ, ẹni tí wọ́n lè sunkún lójú rẹ̀ láìtijú. Kí ìwọ náà gbéra láti Ìkòròdú, kí o sun Ọ̀yọ́ mọ́jú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí Bàbá wẹ̀, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe máa ń lò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó tì wọ́n, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kí Màámi rẹ wà níbẹ̀. Kí àgbà náà sọ ọ́ kó yé wọn. Ẹ má sọ pé ara Àǹtí ò yá, wọ́n wà lọ́sibítù, nígbà tí ẹ mọ̀ pé mọ́ṣúárì ni wọ́n wà. Bí Bàbá bá bèèrè ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tọrọ àforíjì pé ẹ pẹ́. Ẹ dá fóònù wọn padà lọ́jọ́ náà. Má ṣe é lálẹ́ o, torí òru máa ń gùn fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Bí wọ́n bá sunkún, ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé, "Bàbá, ó tó, ẹ rántí BP yín." Gbólóhùn yẹn ń dun àgbàlagbà ju bí ẹ ti rò lọ. Ó dà bí ẹni pé ẹ ní wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹkún ọmọ ìyá wọn. Ẹ má sì sáré gbé ẹ̀rọ sí wọn lápá. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń sunkún á ru, nọ́ńbà wákàtí yẹn ò ní kọ́ yín ní nǹkan kan. Ara wọn ni kí ẹ máa wò: orí tó ń fọ́ lójijì bí ẹni pé ó fẹ́ ya, àyà tó ń dùn wọ́n, èémí tí kò délẹ̀, ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tàbí ẹsẹ̀ tó rọ, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, ojú tó ṣàdédé ṣú. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan nínú wọn, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kí ẹnìkan sùn sílé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó máa rí i pé oògùn ò fo ọjọ́ kankan, àti pé wọ́n ń jẹun, wọ́n ń mumi. Bóyá wọ́n á lọ sí Ìlọrin fún ìsìnkú tàbí wọn ò ní lọ, ẹ bi wọ́n. Ẹ má bá wọn pinnu.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà. Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde, ti ìsàlẹ̀ ni agbára tó ṣẹ́ kù nígbà tí ọkàn bá sinmi. Kò sí alààyè tí méjèèjì dúró lójú kan fún. Ó ń gòkè bí a bá gun àtẹ̀gùn, bí inú bá bí wa, bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wá, bí ọmọ wa bá pè láti òkè òkun tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́. Ó fẹ́ mọ ibi tó máa ń wà lọ́jọ́ púpọ̀, bóyá ó máa ń tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 168 lórí 94 ga, mi ò ní kò ga. Bó bá ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí dókítà tún oògùn wọn yẹ̀ wò. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, kì í ṣe ti àbúrò rẹ, bó ti wù kó fẹ́ràn Bàbá tó. Hóró tí wọ́n fi kún un yẹn, ẹ má tún dán an wò. Bí ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà bá já wálẹ̀ lójijì, òòyì á kọ́ ọ, á ṣubú, egungun ìtan á kán. Mo ti tọ́jú wọn rí, àwọn tó ń rìn dáadáa kó tó di ọjọ́ tí wọ́n lo hóró méjì, àwọn mìíràn nínú wọn ò sì rìn mọ́.

Bí wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Láàárọ̀, kí wọ́n tó lo oògùn, kí wọ́n tọ̀ tán, kí wọ́n má tíì mu tíì tàbí kọfí. Kí wọ́n jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí wọ́n fẹ̀yìn tì í, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí wọ́n má gbé ọ̀kan lé èkejì. Kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ awọ ara, kì í ṣe sórí apá bùbá. Kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan lè fi bíi 10 kún nọ́ńbà òkè, apá tí kò rí nǹkan gbé lé lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ tó kún inú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ méje kí wọ́n tó lọ rí dókítà ti tó, ẹ má ka ti ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Kí ẹ̀rọ padà sínú dúrọ́ọ̀ lẹ́yìn náà, títí dìgbà tí dókítà bá tún ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó kọjá 180 lórí 120, kí wọ́n sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ láìsí àmì kankan nínú àwọn tí mo kà sókè yẹn, kí ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Bí àmì bá wà, ẹ gbéra.

Kí Màámi rẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan, kó máa fi ránṣẹ́ sí ìwọ nìkan. Kí àwọn tó wà lókè òkun yé gba nọ́ńbà láràárọ̀. Ọkàn wọn ò ní kọ́kọ́ balẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o rí ohun tí ẹ ti ń ṣe? Ẹ sọ jíjí tí Bàbá ń jí lójú oorun di ìdánwò. Kí wọ́n tó fọ ẹnu láràárọ̀, ọmọ mẹ́ta ti ń dúró de èsì, bó bá sì burú, ìpè mẹ́fà á tẹ̀lé e. Ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní ru?

Tí ẹ bá pè, ẹ bi wọ́n ní ohun tí àwọn nìkan mọ̀. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tó ya olódo ní ìṣirò. Ẹ ní kí wọ́n bá yín rántí oríkì ìyá ìyá wọn. Ẹ dá ìpàdé àwọn olùkọ́ wọn padà fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rìn lọ sóko ní àárọ̀ tí oòrùn ò tíì mú, ìrìn yẹn wà lára ìtọ́jú wọn. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlu ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílò àwọn ọ̀rẹ́ tó kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ ìwúlò ẹbí nínú ìtọ́jú ṣáájú ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé. Ní àwọn ọdún 1950, ní ọsibítù àìsàn ọpọlọ tó wà ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ó ṣètò pé kí àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù náà ká, kí mọ̀lẹ́bí kan sì bá aláìsàn wá. Mọ̀lẹ́bí náà á sè fún un, á fọ aṣọ rẹ̀, á tẹ̀ lé e lọ gba ìtọ́jú. Àìsàn Bàbá yàtọ̀ sí tiwọn, àmọ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi mú un. Kí àbúrò rẹ ti Manchester san owó ẹni tí yóò lọ tò sórí ìlà fún Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ dókítà, kí Bàbá má bàa dúró láti aago mẹ́fà. Kí ti Houston ra oògùn oṣù mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má tán lójijì. Kí ìwọ àti Màámi rẹ jọ wo ìkòkò ọbẹ̀. Iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ ò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, iyọ̀ inú magí wà nínú ìṣirò yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni kán-ún tí a ń jù sínú ewédú kó lè yọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti dín iyọ̀ kù tí wọn ò ronú kan kán-ún rárá, bẹ́ẹ̀ èròjà inú iyọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè wà nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá kú àráfẹ́rakù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ fún wọn.

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bá mi tẹ èyí. Ẹni ọdún 72 ni mí, òfì ni mò ń wun ní Ìsẹ́yìn níbí. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí láti ọdún mẹ́ta. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀sán kì í yọ mí lẹ́nu, òru ni. Tó bá di nǹkan bí aago méjì, màá ta jí, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, òógùn á bò mí, màá rò pé ọlọ́jọ́ ti dé. Bó bá tó ogún ìṣẹ́jú, á lọ, ṣùgbọ́n oorun ò ní padà wá mọ́. Àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fowó ránṣẹ́, wọ́n ń gbìyànjú. Àmọ́ oògùn ti wọ́n, torí náà mò ń lò ó lónìí, màá fo ọ̀la, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ da àwọn ọmọ láàmú. Lálẹ́, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń jókòó jẹ obì. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń jí mi ni, àbí ìrònú? – Ahunṣọ, Ìsẹ́yìn

ÈSÌ

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ara yín, ẹ sì kú àfẹ́kù ìyàwó yín. Ọdún mẹ́ta ò tíì pẹ́ jù láti kí yín.

Ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ kì í sábà jí èèyàn lójú oorun. Ó máa ń bá èèyàn gbé láìpariwo, ìdí nìyẹn tó fi burú. Àyà tó ń lù, òógùn, èrò pé ikú dé, kó sì lọ ní ogún ìṣẹ́jú, ìpayà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ mi ò lè ti ibí yìí fọwọ́ sọ̀yà. Ó lè jẹ́ pé lílù ọkàn yín ò dọ́gba, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára. Kí ẹ sọ fún dókítà bí ẹ ṣe sọ fún mi yìí gẹ́lẹ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka bí ọkàn yín ṣe ń lù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bó bá sì jẹ́ pé lóru ọjọ́ kan, àyà ń dùn yín, èémí ò délẹ̀, tàbí ó dà bí ẹni pé ẹ fẹ́ dákú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ohun méjì kan wà nínú lẹ́tà yín tó mú mi dìde lórí àga. Ọ̀kan ni obì. Èròjà tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun lọ, tó ń mú ọkàn sáré, ó wà nínú obì náà. Mi ò ní kí ẹ má jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ fi obì sí ọ̀sán, kí ẹ sì dín in kù. Èkejì ni oògùn tí ẹ ń fò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ò dà bí oògùn ibà, ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ bá fò ni ẹ̀jẹ̀ á tún dìde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín ka ara páálí fún yín. Bó bá rí atenolol tàbí propranolol níbẹ̀, oògùn tó ń fa ọkàn sẹ́yìn kó má sáré ni. Ẹni tó bá ń lò ó tó sì ń já a sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn gan-an máa jí yín. Bó bá sì jẹ́ oògùn tó ń mú yín tọ̀ ni, àárọ̀ ni kí ẹ máa lò ó, kó má bàa jí yín lóru.

Ẹ sọ fún dókítà pé owó ni ìṣòro. Ẹ má tijú. Oògùn olówó pọ́ọ́kú tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà wà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí ẹ sì béèrè nípa ètò ìbánigbófò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àwọn ọmọ yín ńkọ́? Bàbá, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ẹ pe àkọ́bí yín, kí ẹ sọ iye tí oògùn oṣù kan jẹ́, iye náà gan-an ní náírà. Àwọn ọmọ yín rò pé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ tó. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kò tó. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdé lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń sọ pé, "Ká ní a mọ̀ ni."

Bó bá tún jí yín, ẹ má dùbúlẹ̀ máa gbọ́ bí àyà ṣe ń lù. Ẹ dìde jókòó, ẹ tan iná, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ẹ mọ bí ọ̀kọ̀ tí ẹ fi ń wun òfì ṣe máa ń gba àárín òwú kọjá nígbà tí ọwọ́ ò bá yá. Ẹ rò ó lọ́kàn: bó bá ń lọ, ẹ mí sínú, ẹ ka ení dé ẹẹ́rin, bó bá ń bọ̀, ẹ mí síta, ẹ ka ení dé ẹẹ́fà. Kí ti ìta gùn ju ti inú lọ. Ẹ ṣe é títí ọwọ́ yín á fi dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè ṣe tẹ̀sùbáà yín.

Ta ló ń sùn sínú ilé pẹ̀lú yín lóru? Ẹ ò sọ ọ́, mo sì ń rò ó láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà náà. Ẹni tó ti bá ìyàwó sùn nínú yàrá kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó wá ń jí sí òfìfo ní aago méjì, ìdí wà tí àyà rẹ̀ fi ń lù. Ẹ ní kí ọmọ-ọmọ kan wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, tàbí kí ọmọ iṣẹ́ yín máa sun pálọ̀. Bó bá sì di pé oúnjẹ ò lọ mọ́, òfì ò wù yín wun mọ́, tàbí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó sàn kí ẹ kú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé yín wá sí Ìbàdàn. UCH, ọsibítù ńlá tó wà níbẹ̀, ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, láti ọdún 2012. Ara àti ọkàn ni wọ́n jọ ń wò níbẹ̀.

LẸ́TÀ KẸTA

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 68, bẹ̀rẹ̀ sí í lo amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn wú. Wọ́n ní májèlé ni oògùn náà, wọ́n ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbo ni wọ́n ń mu báyìí, pẹ̀lú diclofenac, oògùn ìrora, tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni pé mò ń pàṣẹ fún wọn. – Ìyàwó ilé, Àkúrẹ́

ÈSÌ

Ìyàwó wa, ìyá ọkọ yín ò purọ́. Amlodipine máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ sọ fún wọn ni pé ohun tí wọ́n rí, òótọ́ ni. Àgbàlagbà tí a bá gbà gbọ́ á fetí sílẹ̀. Májèlé kọ́ ló fà á. Dókítà lè dín oògùn náà kù tàbí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ẹyọ kan. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó wú lè ti inú ọkàn tàbí kíndìnrín wá pẹ̀lú, torí náà ẹ má fi sílẹ̀ pẹ́.

Diclofenac yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òun àti ibuprofen máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì ń ṣàkóbá fún kíndìnrín. Bí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń lò ó lójoojúmọ́ láìlo oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń fọwọ́ méjèèjì fa ewu. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá paracetamol á ṣe orúnkún náà. Bákan náà, aṣọ tí wọ́n rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń ran orúnkún lọ́wọ́.

Kí ọkọ yín bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin bá wọn lọ. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, páálí amlodipine, káàdì diclofenac, àti ìgò àgbo náà, kí ẹ gbé e kalẹ̀ níwájú dókítà láìdá wọn lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí Màmá fẹnu ara wọn sọ ọ́. Kí wọ́n bọ́ bàtà wọn, kí dókítà fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ náà, kó rí i bó ṣe ń tẹ̀ wọlé.